Máìtì Ọdẹ Nínú Àgò Alángbá: Iṣẹ́ Tí Ó Lè Ṣe àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ọjà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe oògùn. Kòkòrò alààyè ni, tí a kó sínú ike pẹ̀lú ilẹ̀ rírọ̀ díẹ̀, tí a óò dà sínú àgò alángbá kí ó lè máa dọdẹ àwọn máìtì, ìyẹn àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran ọ̀sìn wa. Stratiolaelaps scimitus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é nísinsìnyí, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń tà á, èyí tí í ṣe Hypoaspis miles, ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ike títí di òní, nítorí náà kí ẹni tí ó bá rí orúkọ méjèèjì má ṣe rò pé ọjà méjì ni. Èmi ń pè é ní máìtì ọdẹ. Ní tèmi, ọjà gidi ni fún àgò tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù níwọ̀nba tí ooru rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, pàápàá fún ẹni tí ó ti lé máìtì lọ lẹ́ẹ̀kan tí kò sì fẹ́ kí wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rà á ní ìrètí pé òun nìkan ni yóò wo alángbá tí máìtì ti bò láti orí dé ìrù sàn, owó rẹ̀ àti ẹ̀mí ẹran rẹ̀ ni ó fi ń ṣeré.

A kò lè mọ bóyá ọjà yìí wúlò láìmọ ibi tí ọ̀tá ń gbé. Máìtì tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lára ejò àti alángbá tí à ń sìn ni Ophionyssus natricis. Ìbátan eégbọn ni. Abo rẹ̀ tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, ó sì máa ń dúdú. Abẹ́ ìpẹ́, abíyá, ihò etí, ẹ̀gbẹ́ ojú àti ibi tí awọ ọrùn ti ṣẹ́ po ni ó máa ń fara pamọ́ sí. Síbẹ̀, ara alángbá kì í ṣe ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Nígbà tí ó bá yó, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò wá àlàfo kan lábẹ́ èèpo igi tàbí níbi tí gíláàsì méjì ti pàdé, ibẹ̀ ni yóò sì yé sí, bẹ́ẹ̀ ni abo kan lè yé ẹyin tí ó lé ní 60 nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin kì í mu ẹ̀jẹ̀ rárá. Ó di ìgbà tí ó bá bọ́ awọ kí ó tó wá ẹran kàn. Lẹ́yìn oúnjẹ yẹn, ìpele mìíràn tún wà tí kì í jẹun, kí ó tó wá di àgbà tí yóò tún padà sórí ẹran. Láti ẹyin dé àgbà, gbogbo ìrìn náà lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ooru sì máa ń mú kí ó yá sí i. Ìtumọ̀ èyí ni pé ní ọjọ́ yòówù tí a bá wẹ alángbá mọ́ tónítóní, apá tí ó pọ̀ nínú ìran máìtì náà kò sí lára rẹ̀. Bí iná kò bá tán ní aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Aṣọ tí à ń wí níhìn-ín ni ilẹ̀ àgò, èèpo igi, ewé ọ̀ṣọ́ àti gbogbo kọ̀rọ̀ tí ìka wa kò wọ̀.

Inú kọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni máìtì ọdẹ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí ń gbin òdòdó àti ẹ̀fọ́ sínú ilé gíláàsì ni ọjà yìí wà fún tẹ́lẹ̀, láti máa jẹ ìdin àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké tí ń fò lórí ilẹ̀ tutù, àti láti máa jẹ àwọn kòkòrò ewé tí ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ láti lọ para dà. Kì í gun ewé káàkiri. Òkè ilẹ̀ ni ó ń rìn, kò sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ sísàlẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tí ó mọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá gan-an, débi pé ẹni tí ó bá ń wo ilẹ̀ àgò pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì ní alẹ́ lè fi ìrìn nìkan mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí máìtì tí ó yó tí ó sì wúwo. Kì í bu alángbá jẹ, kì í mu ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ènìyàn. Máìtì ẹlẹ́jẹ̀ ní tirẹ̀ lè bu olówó ẹran náà jẹ kí ara rẹ̀ sì lé ròrò, èyí tí àwọn kan nínú wa kò mọ̀ títí tí ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn.

Ọjà alààyè ni, nítorí náà bí ó ṣe dé ọwọ́ ẹni ṣe pàtàkì ju ohun tí a kọ sára ike lọ. Kò yẹ kí ó pẹ́ lójú ọ̀nà, kò yẹ kí ó jókòó sínú oòrùn, kò sì yẹ kí a tì í sínú fíríìjì tí ó tutù gidigidi, nítorí pé òtútù tí ó pọ̀ máa ń mú kí ó dákú, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, yóò kú. Kí a lò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ó bá dé. Kí a tó dà á, kí a fi ike náà dùbúlẹ̀ kí a sì yí i díẹ̀díẹ̀, torí pé àwọn ọdẹ wọ̀nyí máa ń kóra jọ sí ojú kan nínú ilẹ̀ tí wọ́n bá wọn kó; ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè da ilẹ̀ lásán sínú àgò àkọ́kọ́ kí ó sì da gbogbo ọdẹ sínú èkejì. Àyẹ̀wò tí mo máa ń ṣe ni pé kí n bu ṣíbí kan sórí pépà funfun, kí n dúró díẹ̀, kí n sì fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wò ó. Bí nǹkan kò bá rìn lórí pépà náà, òkú ni wọ́n tà fún ni, ó sì yẹ kí ẹni tí ó tà á pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí mo rà wá láàyè, ó sì pọ̀ nínú ike. N kò ní àròyé kankan ní ìhà yẹn.

Àròyé tí mo ní ni ti ìwé ìlànà. Wọ́n kọ ọ́ fún àgbẹ̀. Iye tí a ó dà sórí mítà kan níbùú lóròó ni ó ń sọ, kò sì sọ ọ̀rọ̀ àgò ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí ó ṣe kókó jù lọ fún àwa tí ń sin alángbá, èyí ni pé oògùn kòkòrò tí a ti fín sínú àgò tẹ́lẹ̀ yóò pa àwọn ọdẹ náà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti fi permethrin sára igi àti gíláàsì gbọ́dọ̀ kó gbogbo ilẹ̀ àtijọ́ dànù, kí ó fọ àgò náà, kí ó sì lo igi mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú ni yóò máa dà lé òkú. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọdẹ àti oògùn gbọ́dọ̀ pinnu èyí tí yóò ṣáájú. Oògùn ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí ọdẹ wá tẹ̀ lé e sínú àgò tuntun.

Ọmọńlé ológbe ni mo fi ọjà yìí dán wò, ìyẹn ọmọńlé tí ó ti erékùṣù New Caledonia wá, tí awọ rẹ̀ ní ṣóńṣó kéékèèké bí ogbe lókè ojú títí dé èjìká. Bí ìwà ẹran yìí ṣe rí bá ọjà náà mu púpọ̀. Ìwọ̀n ooru tí ó fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 22 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a máa ń wọ́n omi sínú àgò rẹ̀ ní alẹ́, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ní ewé gbígbẹ àti èèpo igi tí ọdẹ lè rìn sáàárín wọn. Kí n tó da ọdẹ sílẹ̀, mo kó ilẹ̀ àtijọ́ tí máìtì ti yé sí dànù, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gíláàsì, mo sì ń tọ́jú ọmọńlé náà lọ́tọ̀ nínú àpótí ike tí pépà ìnuwọ́ funfun wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí àwọn tí ń sọ pé kò sí ìdí fún iṣẹ́ ọwọ́ yìí, pé kí a kàn da ọdẹ lé e lórí. N kò fara mọ́ ọn. Ọdẹ tí ó bá bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìtì nínú àgò yóò jẹ, yóò yó, àwọn tí kò jẹ yóò sì ti tún yé.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn ni pépà funfun tí a fi omi rẹ. A ó fà á jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn orí dé ìdí ìrù, a ó sì wo ohun tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ó bá dúdú tí ó sì fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò sí àríyànjiyàn nípa rẹ̀. Abọ́ omi pẹ̀lú jẹ́ ẹlẹ́rìí, nítorí pé àwọn máìtì máa ń rì sínú rẹ̀, òkú wọn a sì máa wà ní ìsàlẹ̀ abọ́. Láàárín àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọńlé náà padà sínú àgò, kò sí ìyàtọ̀ tí ó hàn sí mi, ẹni tí kò bá ní sùúrù ì bá sì ti kọ ọjà náà sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abọ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, pépà sì tẹ̀ lé e. Ó bọ́gbọ́n mu pé kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe èyí tí ó wà lára ẹran ni ọdẹ ń jẹ. Àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ àti àwọn tí kò tíì gòkè ni ó ń gbà lọ́nà. Ó yẹ kí a fún un ní àkókò tí ó tó kí ìran kan fi parí ayé rẹ̀, kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Nítorí náà, ẹran fúnra rẹ̀ ṣì kù sí wa lọ́wọ́. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò jìn ju ìdajì ìga ara alángbá náà lọ, tí imú rẹ̀ sì wà lókè dáadáa, máa ń rì ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dì mọ́ ara. Aṣọ rírọ̀ tí a fi omi rẹ la ó fi nu orí, etí àti ẹ̀gbẹ́ ojú tí omi kò dé. Bí alángbá náà bá ti rẹ̀ wẹ̀sì, tí inú ẹnu rẹ̀ funfun tí kò pọ́n mọ́, tí kò sì jẹun, ẹ̀jẹ̀ ti dínkù lára rẹ̀, ìyẹn sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọdẹ àti pépà. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí a gbé e lọ, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa àwọn ẹran afàyàfà, torí pé ìwọ̀n oògùn ajá kì í ṣe ti alángbá.

Ibì kan wà tí ọjà yìí kò ti lè wúlò rárá, àwọn tí ń tà á kì í sì í sábà mẹ́nu kàn án. Kì í ṣe gbogbo máìtì alángbá ni ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan wà, bíi Geckobia tí ó máa ń wà lára ọmọńlé, tí wọ́n pọ́n, tí wọ́n rọ̀ mọ́ ojú kan lábẹ́ ìpẹ́ tàbí sáàárín ìka ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń lo gbogbo ayé wọn lórí ẹran. Ara ẹran tí a mú láti inú igbó ni wọ́n ti sábà máa ń wá. Ọdẹ tí ń rìn lórí ilẹ̀ kò ní pàdé wọn láéláé, bí a tilẹ̀ da ike mẹ́wàá. Kí a tó náwó, kí a wò ó dáadáa: bí ó bá ń sáré ká, tí ó dúdú, tí a sì ń rí i nínú abọ́ omi, ọjà yìí bá a mu, bí ó bá pọ́n tí ó sì dúró sójú kan láti òní di ọ̀la, ọ̀nà mìíràn ni. Ní ìdà kejì, àwọn máìtì funfun tàbí aláwọ̀ ipara tí a ń rí lórí oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́ tàbí lórí igi tutù kì í mu ẹ̀jẹ̀. Wọn kò ṣe ẹran ní nǹkan kan, yíyọ oúnjẹ àjẹkù àti jíjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ àgò ti tó fún wọn, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ ìyìn tí àwọn ènìyàn ń kọ nípa ọjà yìí, àwọn aláìlẹ́ṣẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n rí tí wọ́n fi rà á.

Ẹni tí ń sin alángbá onírùngbọ̀n ti Ọsirélíà tàbí ẹran aṣálẹ̀ mìíràn, kí ó fi Stratiolaelaps sílẹ̀. Ibi tí alángbá yẹn ti ń yá oòrùn lè gbóná tó 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ilẹ̀ àgò rẹ̀ sì gbẹ; ọdẹ tí ó nílò ọ̀rinrin kò ní pẹ́ níbẹ̀. Irú ọdẹ kejì wà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ kan náà, Cheyletus eruditus, tí ó lè gba ilẹ̀ gbígbẹ mọ́ra jù ú lọ. N kò tíì lò ó nínú àgò tèmi, nítorí náà n kò ní yìn ín ju bí ó ti yẹ lọ, àmọ́ òun ni mo rò pé ó yẹ kí onílé gbígbẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ní ti àwọn oògùn tí ọjà yìí ń bá díje, n kò lòdì sí wọn. Omi fipronil tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a ṣe fún ajá àti ológbò, ni àwọn dókítà ẹranko kan máa ń lò, tí wọn yóò rẹ aṣọ sínú rẹ̀ tí wọn yóò sì fi nu ara ẹran dípò kí wọ́n fín in sí i lára, nítorí ọtí líle tí ó wà nínú rẹ̀. Ó yára pa máìtì ju ọdẹ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Permethrin wà fún àgò, kì í ṣe fún ẹran: a ó kó ẹran àti abọ́ omi jáde, a ó fín in, a ó jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì lọ, kí ẹran tó padà wọlé, bí ológbò bá sì wà nínú ilé, kí ó jìnnà sí i nígbà tí ó ṣì tutù, nítorí májèlé ni fún ológbò. Ivermectin tí àwọn kan ń pò mọ́ omi láti fi wẹ alángbá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ń pa ìjàpá àti alábahun, àwọn irú alángbá kan pàápàá kò sì lè gbà á, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó láìsí dókítà. Gbogbo wọn ní ohun kan tí ọdẹ kò ní, ìyẹn ìyára. Ọdẹ ní ohun kan tí wọn kò ní: kò sí àṣìṣe ìwọ̀n tí ó lè fi pa ẹran. Ẹni tí ó bá da ìlọ́po méjì ọdẹ sínú àgò ti fi owó ṣòfò lásán ni.

Àléébù kan wà tí ó dùn mí díẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké olùtún-ilẹ̀-ṣe tí a máa ń kó sínú àgò tutù, àwọn tí ń ta pọ́n-ún tí wọ́n sì ń jẹ ìgbẹ́ àti ewé jíjẹrà, oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ fún máìtì ọdẹ. Iye wọn lọ sílẹ̀ gan-an nínú àgò mi, èébu sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù sórí ewé ní igun kan. Mo ti kó díẹ̀ nínú wọn pa mọ́ sínú ike ọ̀tọ̀ ṣáájú, láti inú rẹ̀ ni mo sì ti dá wọn padà nígbà tí ọdẹ dínkù. Wọn yóò dínkù ní tòótọ́: bí oúnjẹ bá tán, wọ́n a máa jẹ àwọn ohun kéékèèké mìíràn nínú ilẹ̀, wọ́n a máa jẹ ara wọn, iye wọn a sì rọ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé a lé wọn. Èyí tí ó bá ṣìnà jáde sínú ilé kò ní rí ọ̀rinrin tí yóò gbé e ró.

N óò tún rà á, àmọ́ kì í ṣe nígbà tí máìtì bá dé. Ìgbà tí mo bá gba ẹran tuntun ni, lẹ́yìn tí ó bá ti wà lórí pépà funfun ní yàrá ọ̀tọ̀ tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí àmì kankan, tí mo sì fẹ́ gbé e wọ àgò olódòdó. Ike tí ó kéré jù lọ ti pọ̀ jù fún àgò kan, kò sì ṣeé tọ́jú di ọjọ́ iwájú. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, sórí ilẹ̀ ìkòkò òdòdó inú ilé ni mo ń dà á, níbi tí ìdin àwọn kòkòrò dúdú tí ń fò ti pọ̀ fún un láti jẹ.